Kí Iná Pawon Má Baà Kú

1.

…ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, ọdún 1999. Ọjọ́bọ̀ ni. Lọ́jọ́ náà ni Wening jókòó sídìí kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, tí ẹni tí kò rí rí sì bi í bóyá ó ti jẹun.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dinoyo, nílùú Malang, nílẹ̀ Indonesia. Abẹ́rẹ́ ti gún un ní àtàǹpàkò òsì láàárọ̀. Ìka mẹ́rin péré ló fi tẹ lẹ́tà. Ìsinmi ọ̀sán rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan. Ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ ló fi ronú orúkọ tí yóò máa jẹ́. Ó mú kunang. Tanátaná ni, ní èdè wọn.

Ìlà àkọ́kọ́ tó yọ lójú ẹ̀rọ:

arang: kunang, káàbọ̀. ṣé o ti jẹun?

Wening bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan.


2. Ìkéde lára ògiri

BỌ́ BÀTÀ RẸ SÍTA.
MÁ JẸ TEMPE LÓRÍ KÍBỌỌ̀DÙ. (A MỌ̀ Ọ́. A Ò TÍÌ DÁRÚKỌ RẸ NI.)
KỌ̀ǸPÚTÀ 3: KÒ DÚN.
KỌ̀ǸPÚTÀ 7: BỌ́TÌNNÌ GÍGÙN ÌSÀLẸ̀ MÁA Ń LẸ̀. TẸ̀ Ẹ́ JẸ́Ẹ́JẸ́.
ẸNI TÓ BÁ FẸ́ RẸ́RÌN-ÍN, KÓ RẸ́RÌN-ÍN SÍNÚ.

Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sábẹ́ ìlà tó gbẹ̀yìn: kò ṣeé ṣe.


3.

"Bu, ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Bu Tumini, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà náà, ń din tempe, oúnjẹ ẹ̀wà sóyà, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kò yíjú.

"Èèyàn ni."

"Níbo ló wà?"

"Ṣé èmi ni mo bí i ni? Wò ó, ọmọ mi. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní Jakarta. Òmíràn wà ní Singapore. Òmíràn wà níbi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé láéláé. Okùn so gbogbo wọn pọ̀. Ìwọ gba ẹnu ọ̀nà tibí wọlé, òun gba tibẹ̀, ẹ wá bára yín nínú yàrá kan ṣoṣo. Ohun tí o bá kọ, wọ́n ti kà á tán kí o tó gbọ́wọ́ kúrò."

"Ta ló wá ni yàrá?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nígbà tó ṣófo. Òun ni wọ́n máa ń fún ní èyí." Ó fi ìka olóròóró kọ ọ́ sórí tábìlì: @

"Ó jọ ìgbín."

"Ìgbín tó ní kọ́kọ́rọ́ ni. Ó lè lé ọ síta, ó sì lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọ. Bẹ̀rù ìgbín."


4. Inú ìwé tí Wening ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn ọmọ ilé-ìwé sí, ojú ewé tó kẹ́yìn

#    yàrá.

@    ìgbín. ẹ̀ṣọ́ yàrá.

:)    dorí kọ òsì kí o tó wò ó.

/    igi tó fara ti ògiri. Bí igi bá ṣíwájú ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ nìkan ló gbọ́. Bí ohunkóhun bá ṣíwájú igi, ìbáà ṣe àlàfo òfìfo, gbogbo yàrá ló gbọ́.

OKÙN JÁ    kọ̀ǹpútà ńlá méjì ti ya ara wọn. Ìdajì yàrá á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò kú. Wọ́n wà níbi tí wọ́n wà, wọ́n rò pé àwa la kú. Wọ́n á padà tí okùn bá so. Má sunkún. (Mo sunkún.)

OLÙṢỌ́    kì í ṣe èèyàn. Ó ń tọ́jú orúkọ. Sọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ fún un, á gbà pé ìwọ ni ìwọ. Bí o bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ láìyọjú sí i, á gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ. Yàrá tó bá wà lábẹ́ orúkọ náà á kú pẹ̀lú rẹ̀.


5. Òfin #pawon

Arang ló kọ ọ́. Òun ló dá yàrá náà sílẹ̀. Pawon ni ilé ìdáná ní èdè Java. Arang ni èédú.

Kìíní. Ẹni tó bá wọlé, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, kí ẹ tó bi í ní ọjọ́ orí, kí ẹ tó bi í bóyá akọ ni tàbí abo.

Èkejì. A KÌ Í FI LẸ́TÀ ŃLÁ SỌ̀RỌ̀. Ariwo ni.

Ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wá nǹkan jẹ, kó jáde. Kó má fi ara sílẹ̀ bí àga. (kebo, ìwọ là ń bá wí.)

Ẹ̀kẹrin. Orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́, má mú un wọ ibí. Ọjọ́ kọfí orí ilẹ̀ la máa ń sọ ọ́.

Kọfí orí ilẹ̀ ni ọjọ́ tí àwọn ará yàrá bá fojú rinjú, tí wọ́n jókòó ti ife kọfí gidi nínú ayé gidi. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí oníkálukú á sọ orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹlòmíràn a máa tijú. Ẹlòmíràn a máa sunkún.

Wening kò tíì lọ sí ọ̀kankan.


6. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ọdún 2000

[12:14] * kunang wọlé
[12:14] jahe: kunaaaang! ṣé o ti jẹun?
[12:14] kunang: mo ti jẹ bakso. ẹ̀gbọ́n jahe ńkọ́?
[12:15] jahe: èmi tí mò ń se oúnjẹ ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ní Johor? òórùn rẹ̀ ti yó mi jàre
[12:15] arang: ẹni tó ń se oúnjẹ kì í jẹun. ẹni tó ń ránṣọ kì í wọṣọ
[12:15] kunang: ta ló ní mi ò wọṣọ???
[12:15] jahe: HÀHÀHÀHÀ
[12:15] arang: òfin kejì, ẹ̀gbọ́n
[12:16] * kunang gbé ẹja tútù kan, ó fi gbá arang létí
[12:16] arang: yéè
[12:16] arang: ẹja wo ni
[12:16] kunang: bandeng
[12:16] arang: egungun rẹ̀ ti pọ̀ jù. fi gurami gbá mi nígbà tó ń bọ̀
[12:17] jahe: ẹ bi kebo bóyá òun náà fẹ́
[12:17] kunang: kebo?
[12:19] kunang: kebo??
[12:31] kebo: mo dé. mo lọ jẹ bakso ni. kí lẹ wí

Kebo ni ẹfọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bakso tó ń jẹ ni ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ róbótó. Jahe ni atalẹ̀. Ọmọ Blitar ni, ó ti pé ọdún mẹ́rin nílẹ̀ Malaysia.

"Wening!" Bu Tumini pariwo láti ìdí agbada. "Ka ara ògiri! Ìlà tó gbẹ̀yìn!"

"Mò ń rẹ́rìn-ín sínú, Bu!"

"Inú ta ni?"


7. Ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n ń jẹ, ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe sọ ọ́

Malang: bakso.
Johor: òórùn lásán.
Makassar: ẹja sísun. Ó ní kí a wá jẹ.
Den Haag: búrẹ́dì tútù, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ó ń sunkún nítorí ata.
Balikpapan: ìrẹsì àná.
Ibì kan tí kò fẹ́ sọ: ẹyin.

Gbogbo wọn kọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Wening dìde dúró níbi tó wà. Kò mọ ohun tó dìde fún. Ó tún jókòó.


8.

Láàárín oṣù mẹ́ta ó ti ń fi ìka mẹ́sàn-án tẹ̀wé. Àtàǹpàkò òsì kò jinná.

Rárá. Ó jinná. Ó kàn gbàgbé láti lò ó.


9. Ohun tó mọ̀ nípa arang

Pé inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́, nísàlẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ wà. Pé etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ nítorí ẹ̀rọ náà, ìdí nìyí tó fi fẹ́ràn ibi tí a ti ń fi ojú gbọ́ ọ̀rọ̀. Pé Samarinda ni ilé ìyá rẹ̀. Pé ó máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ kó tó kọ ohun tó bá dùn ún. Wening ti kà á. Mẹ́jọ ni nígbà gbogbo.

Ohun tí kò mọ̀: ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀.


10. Ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, ọdún 2000. Àwọn méjèèjì nìkan

[13:40] arang: ọkọ̀ wa ń lọ lọ́la. oṣù méje. kò sí kọ̀ǹpútà lórí omi
[13:40] kunang: oṣù MÉJE
[13:41] arang: orúkọ mi ò lè pé ọgbọ̀n ọjọ́ láìyọjú. wọ́n á gbà á. yàrá á kú
[13:41] kunang: kí la wá máa ṣe

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ.

[13:41] arang: màá fún ọ ní ọ̀rọ̀ àṣírí mi. máa bá mi wọlé. máa da èédú sí i kí iná má kùú
[13:42] arang: tempebosok3
[13:42] kunang: tempe tó ti kẹ̀???
[13:42] arang: òun ló ń mú ọbẹ̀ ìyá mi dùn. má rẹ́rìn-ín
[13:42] kunang: mo ti rẹ́rìn-ín. Bu Tumini ti ń wò mí
[13:43] arang: sátidé kẹtàdínlógún oṣù kẹta. aago méjì ọ̀sán tiyín. a ti máa gúnlẹ̀ sí surabaya. màá wọ pawon, màá sọ ibi tí a ti máa mu kọfí
[13:43] kunang: màá wà níbẹ̀ láti aago kan
[13:43] arang: tí mi ò bá rí ọ, ọkọ̀ samarinda ni màá wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì
[13:44] kunang: o máa rí mi. o máa sọ orúkọ ẹ fún mi
[13:44] arang: ìwọ náà


11.

Wening ní òun á béèrè àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà tẹlifóònù lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ti lọ.


12. Àwọn ọjọ́ tó da èédú sí i (ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kó má baà ṣèèṣì pé ọgbọ̀n)

14 oṣù Kẹsàn-án. Olùṣọ́ ní: "Káàbọ̀, arang." Ó wo ara rẹ̀. Ó wọlé.

9 oṣù Kẹwàá. Iná mànàmáná lọ. Ó dúró fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀gá rẹ̀ bú u lójú àwọn oníbàárà nígbà tó padà. Ó wọlé.

3 oṣù Kọkànlá. Òjò. Omi dé orúnkún. Ó gbé bàtà rù. Ó wọlé.

28 oṣù Kọkànlá. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bu Tumini kò din nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀bù kò ní òórùn, bí ilé àjèjì. Ó wọlé.

23 oṣù Kejìlá. Ibà. Ẹ̀wù òtútù méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tẹ ọ̀rọ̀ náà kó tó tọ̀nà. Ó wọlé.

17 oṣù Kìíní. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó wọlé. Ọjọ́ náà ló dùn jù.

11 oṣù Kejì. Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó ti rán ẹ̀wù kan fún ọjọ́ kọfí, aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì mẹ́fà. Ó wọlé.

8 oṣù Kẹta.


13.

Ọjọ́bọ̀, 12:22. Ìdí kọ̀ǹpútà kẹrin ni Wening máa ń jókòó sí. Ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Keje nìkan ló ṣófo.

Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wà ní #pawon lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ibi ayẹyẹ. Jahe ń ròyìn bí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ wọn ṣe fìdí jókòó sínú ìkòkò ìrẹsì. Wening ń rẹ́rìn-ín. Ó fi orúkọ rẹ̀ wọlé, kunang, kó lè gbọ́ ìtàn náà dópin. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́tìnnì gígùn tó ń fi àlàfo sí ọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì náà lẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó tẹ igi, tó tẹ gbogbo rẹ̀ tán, tó fi í ránṣẹ́.

[12:22] kunang:  /sọ fún Olùṣọ́: èmi ni arang. tempebosok3

Àlàfo kan ló ṣíwájú igi.

[12:22] jahe: KUNANG
[12:22] kebo: ah
[12:22] jahe: PÀÁRỌ̀ Ẹ̀! PÀÁRỌ̀ Ọ̀RỌ̀ YẸN KÍÁ!
[12:22] paku: ẹ ṣé gan-an o, ẹ̀gbọ́n

Paku ni ìṣó. Ó ti ń wá síbẹ̀ láti oṣù kan. Kò tíì sọ̀rọ̀ rí.

[12:23] * paku ń jẹ́ arang báyìí
[12:23] * arang gba @
[12:23] arang: ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun ti wà. kò ní tempe nínú
[12:23] * arang lé kunang síta (tanátaná kì í sún mọ́ iná)
[12:23] * arang ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ilé tí kunang ti wá


14.

"Bu! Kọ̀ǹpútà keje!"

"Mo kọ ọ́ sára ògiri."

"Ẹ ti kọ ọ́ sára ògiri láti ọdún méjì!"

"Ṣé mo wá purọ́ ni?"

Bu Tumini pa iná. Ó gbé àwo tempe wá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu àga, ó jókòó.

"Jẹ ẹ́. Ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ?"

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀."

Bu Tumini ti àwo náà sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí," ó ní. "Ẹ ń sunkún ẹni tí ẹ ò lè pè."


15. Lẹ́tà sí àwọn alábòójútó, àti èsì

Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tó ń jẹ́ arang kì í ṣe ti ẹni tó ń jẹ́ ẹ báyìí. Èmi náà kọ́ ni mo ni ín. Ẹni tó ni ín wà lójú omi. Yóò dé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà kó tó dé. Mo lè sọ ohun púpọ̀ nípa rẹ̀ tí olè kò lè mọ̀.

.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ àṣírí la gbà pé ó ni orúkọ. A kò ní ọ̀nà mìíràn tí a fi ń dá èèyàn mọ̀.


16. Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta, ọdún 2001

13:00. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ti wà lára rẹ̀ láti àárọ̀, lábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́.

13:05. Ṣọ́ọ̀bù Bu Tumini. Ìgbín ṣì tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ilé náà. "Gbé kẹ̀kẹ́ mi," ni Bu Tumini wí. "Bíréèkì ò mú. Má dúró níbì kankan, o ò ní nílò ó."

13:16. Ilé kọ̀ǹpútà kejì, lẹ́yìn yunifásítì. Ó kún.

13:27. Ilé kẹta. Ìlà tẹlifóònù ti kú.

13:38. Ilé kẹrin. "Ẹ wá lọ́la, ẹ̀gbọ́n."

13:52. Ilé karùn-ún, létí odò Brantas, lẹ́yìn ọjà òdòdó. Kọ̀ǹpútà kan ló ṣófo. Ó tẹ bọ́tìnnì gígùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó jókòó. Kò lẹ̀.

Orúkọ tuntun: sapu. Ìgbálẹ̀.

[13:55] * sapu wọlé
[13:55] jahe: sapu, ṣé o ti jẹun?

Lábẹ́lẹ̀, àwọn méjì nìkan:

[13:55] sapu: ẹ̀gbọ́n, èmi ni
[13:55] jahe: mo mọ̀. ta ló tún ń tẹ̀wé kíá báyìí. dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìgbín wà ńlé

14:00. Kò tíì dé.

14:03. Kò tíì dé.


17.

[14:05] * arang pòórá. okùn já
[14:05] * èèyàn mọ́kànlélógún mìíràn pòórá. okùn já


18.

Èèyàn mẹ́sàn-án ló kù. Kò sí ìgbín kankan láàárín wọn.

Òróró lórí tábìlì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nígbà tó ṣófo.

[14:05] sapu: Ẹ̀YIN ÈÈYÀN
[14:05] sapu: èmi ni kunang. olè ti bá okùn lọ. tí gbogbo wa bá jáde, yàrá á ṣófo. tí mo bá kọ́kọ́ padà wọlé, àwa la nilé!
[14:06] jahe: ẹ ti gbọ́! ẹ jáde! ẹ jáde! ẹ jẹ́ ká pàdé ní #emperan
[14:06] * jahe jáde
[14:06] * èèyàn mẹ́fà jáde
[14:07] * sapu jáde


19. #emperan (ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni)

[14:08] jahe: mélòó ló kù nínú ilé?
[14:08] sapu: ẹyọ kan
[14:08] sapu: kebo
[14:08] jahe: KEBOOOOOO
[14:08] jahe: ó ti lọ jẹ bakso. mo fi ìyá mi búra
[14:08] sapu: mo máa pa á. mo máa kó ìwo ẹ̀ tà
[14:09] sapu: ó ti di méjì!! ta ló padà wọlé??
[14:09] jahe: kì í ṣe èmi
[14:10] sapu: ẹ má ṣeré o! ẹ jáde! okùn lè so nígbàkigbà!
[14:10] jahe: mo ti ka gbogbo wa. mẹ́jọ la jáde, mẹ́jọ la wà níbí
[14:11] jahe: àlejò ni bóyá. ká yọjú wò ó?
[14:11] sapu: tí a bá wọlé á di mẹ́ta, á di mẹ́rin, a ò ní rí i gbà mọ́. kí àlejò yẹn kúrò lọ́nà jọ̀ọ́
[14:12] sapu: kúrò kúrò kúrò
[14:13] sapu: kúrò
[14:14] sapu: Ó TI DI ẸYỌ KAN! ÀLEJÒ TI LỌ! ỌPẸ́ O!
[14:16] jahe: kebo ti dé! mo ti ké pè é! ó ń jáde!
[14:16] sapu: ÒFO. Ó ṢÓFO


20. #pawon

[14:16] * sapu wọlé
[14:16] * sapu gba @


21.

Wening kígbe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà yíjú sí i. Bọ́tìnnì kẹta já lára ẹ̀wù rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

[14:17] * jahe wọlé
[14:17] jahe: ÌGBÍN WA! ÌGBÍN WA!
[14:17] * èèyàn mẹ́fà wọlé
[14:17] jahe: òfin kejì ti di òfo lónìí! Ẹ PARIWO!
[14:17] * jahe gbé ẹja tútù kan, ó fi gbá gbogbo ilé
[14:17] * kebo wọlé
[14:18] kebo: ẹ má bínú. ebi ló pa mí
[14:18] sapu: mo dárí jì ọ́. mo dárí ji gbogbo ayé
[14:18] kebo: ẹnì kan wá o, nígbà tí ẹ ò sí. ó ṣì wà lójú ẹ̀rọ mi. ṣé kí n lẹ̀ ẹ́ síbí?


22. Ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kebo

[14:09] * arang_ wọlé
[14:09] arang_: kunang
[14:09] arang_: ṣé o ti jẹun?
[14:10] arang_: ilé dá
[14:10] arang_: kebo, ṣé ìwọ nìkan ni. àwọn yòókù dà
[14:12] arang_: Olùṣọ́ ní ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi mọ́




[14:14] arang_: kò burú. èmi ni mo fún ọ. o lè fún ẹni tó bá wù ọ́
[14:14] * arang_ jáde


23.

/wá arang_

Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

/wá arang_

Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Kò fi àlàfo kankan ṣíwájú.


24.

[14:21] * okùn so
[14:21] * arang wọlé, ó gba @
[14:21] arang: ta ló jókòó sí àga mi
[14:21] * arang lé sapu síta


25.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ sí Surabaya. Ó dúró ní èbúté láti aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì márùn-ún. Ó ń wo ọkùnrin tó bá yí etí òsì sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó rí mẹ́ta. Ọ̀kan ti darúgbó. Ọ̀kan gbé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ti wà lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló rí.

Ó pariwo: "Arang!"

Ọkùnrin tó ń sun ẹran lẹ́bàá ẹnu géètì ló yíjú.

"Èédú mi ti tán, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ fi sè?"

Ọkọ̀ Samarinda ṣí ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí orúkọ tí Wening lè fi béèrè bóyá ó wà nínú rẹ̀.